Àmì Inú Ọrùn Aṣọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ariwo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ sì kú àìkọ̀wé sí ọmọ yín láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko.

Kí ẹ tó ka èyí, ẹ jókòó. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ fara ti nǹkan. Ẹni tó ń kọ̀wé sí yín yìí kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹ mọ̀ mọ́. Mo ti di ọ̀gágun. Láàárọ̀ àná, ogójì sójà orílẹ̀-èdè wa ló tò sílà níwájú mi, wọ́n gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kí mi kíkí ológun. Ilẹ̀ mì. Adìyẹ sá. Ọ̀gá wọn pàápàá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ibo ni ká gbà sọdá odò ààlà yìí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí wa?" Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo ní kí wọ́n lọ sinmi ná, n ó rò ó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sójà wa ni mo wí. Níbí, nílẹ̀ onílẹ̀, tí ogun tó ń jà lẹ́yìn ààlà ò ju ìrìn wákàtí méjì nínú mọ́tò lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé mo gbọ́ ohùn yín lórí rédíò Àǹtí lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bi Mínísítà ètò ààbò bóyá ìjọba ti rán sójà lọ sínú ogun àwọn ẹlòmíràn. Ó ní, "Kò sí bàtà sójà wa kan ṣoṣo tó tẹ ilẹ̀ òkèèrè." Ẹ wá ní ẹ dúpẹ́, ẹ sì jókòó. Màmá! Ẹ dúpẹ́! Èmi, bí ẹ bá bi mí pé ta ló yọ ẹran nínú ìkòkò, tí mo ní n kò mọ̀, ẹ kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Etí mi lẹ máa ń fà.

Ara Àǹtí le. Àbúrò yín yìí á fi iṣẹ́ pa mí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé báyìí, iṣẹ́ ilé àgbàfọ̀ rẹ̀ ló kàn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti di mẹ́ta, tábìlì ìlọṣọ ti di mẹ́rin, okùn ìsáṣọ gùn láti ẹ̀yìnkùlé dé ìpẹ̀kun ayé. Lọ́jọ́ Ẹtì nìkan, ẹgbẹ̀rún kan aṣọ ni mo lọ̀. Ó dáa, ọgọ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, bàtà bọ́ọ̀lù mi ti la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́. Kò yẹ kí ọ̀gágun máa gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lásán.

Èmi ni ọmọ yín tí sójà ń kí.


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àbúrò mi. Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn.

Má pè mí lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ààbò àti àjọṣe wa pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè wò, fóònù mi ń gbọ́ràn ju èmi tí mo ni ín lọ. Lẹ́tà ni kó o máa kọ. Lẹ́tà ọ̀hún náà, n kò fọkàn tán an: ẹnu àpò rẹ̀ nípọn, bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ìwọ lo lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?

Wàyí o, jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Mo mọ̀ ọ́, èmi ni mo bí ọ. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, o sáré wọlé pé ejò tó gùn tó òpó iná ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Gbogbo àdúgbò gbé igi, wọ́n gbé òkúta. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi ni. O tún sọ fún mi pé olùkọ́ yín fò látorí tábìlì kan sí èkejì bí ọ̀bọ. Obìnrin náà kàn gun àga láti pa aláǹtakùn ni. Nítorí náà, bí o bá ní ogójì, ṣé mẹ́rin ni kí n gbọ́? Bí o bá ní wọ́n kí ọ, ṣé kí n gbọ́ pé wọ́n lé ọ?

Àmọ́ mo tún mọ ohun kan. Rọ́bà yẹn kì í ṣe ejò, ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí irọ́ rẹ kan tí kò ní egungun nínú. Egungun yẹn ni mò ń wá.

Òfin wa sọ ọ́ kedere: ìjọba ò gbọ́dọ̀ rán sójà jáde láì kọ́kọ́ wá sọ fún ilé ìgbìmọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń rán. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ pé ó lọ, ta ni yóò bèèrè rẹ̀ bí kò bá dé? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi Mínísítà. Ẹ̀rín músẹ́ ló ń fi dá mi lóhùn. Alága ìgbìmọ̀ wa, tí a ń pè ní Ẹ-jẹ́-á-máa-lọ lẹ́yìn, kò jẹ́ kí n sinmi: bí mo bá ti la ẹnu, á ní, "Ẹ jẹ́ á máa lọ, ẹ jẹ́ á máa lọ," bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀.

Dá mi lóhùn. Ta ló mú àwọn sójà náà wá? Kí ni wọ́n wọ̀? Báwo lo ṣe mọ̀ pé tiwa ni wọ́n? Má sọ fún ọ̀rẹ́ kankan. Má fi ṣe àpárá.

Ní ti bàtà bọ́ọ̀lù, jẹ́ kí òótọ́ kọ́kọ́ wọ bàtà tirẹ̀ ná.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Rọ́bà omi! Ọdún mẹ́jọ lẹ ti ń fi rọ́bà omi yẹn nà mí, Màmá. Bó bá jẹ́ ejò gan-an ni, ì bá ti kú, ì bá ti jẹrà, ẹ̀ bá ti gbàgbé rẹ̀.

Rárá, èmi kọ́ ni mo lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ahọ́n mi ni mo fi lá a, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, torí pé gọ́ọ̀mù yẹn korò.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn yín. Ẹni tó mú wọn wá ni ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan tí kò ní orúkọ lára. Onígílásì Dúdú la ń pè é nílé yìí. Òjò ń rọ̀ o, gílásì dúdú wà lójú rẹ̀. Ó wọ inú ilé tí kò sí oòrùn, gílásì dúdú wà lójú rẹ̀. Àǹtí ní bóyá ojú ń dun ún. Mo ní bóyá ẹ̀rí ọkàn ló ń dun ún. Àǹtí fi ìkọ́ aṣọ gbá mi lórí.

Aṣọ sójà ni, aláwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ yọ báàjì èjìká kúrò. Ṣùgbọ́n Màmá, ẹni tó ń lọṣọ ló mọ aṣọ. Oòrùn ti mú gbogbo apá ẹ̀wù náà ṣá, àfi ibi tí báàjì ti wà. Ibẹ̀ ṣì dúdú mìnìjọ̀, ó mú ìrísí báàjì náà jáde, igun mẹ́ta rẹ̀ àti ìràwọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Báàjì wa ni. Mo máa ń rí i lára ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún yín ní ilé ìgbìmọ̀ nígbà tí mo wà nílé. Wọ́n yọ báàjì, wọn ò rántí yọ oòrùn.

Ní ti ogójì, ogójì ni mo wí, ogójì ni. Wọ́n kí mi. N kò yí i padà.

Ẹ kú ìrọ́jú pẹ̀lú Ẹ-jẹ́-á-máa-lọ. Ẹ bá mi bi í pé ibo ló ń lọ gan-an.

Ọmọ yín tí kì í parọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ púpọ̀ lónìí. Ara mi ò lélẹ̀.

Lẹ́tà rẹ nípa báàjì ló fún mi ní ìgboyà. Lánàá, mo dìde nínú ilé ìgbìmọ̀. Mo ní, "Ṣé òótọ́ ni pé ogójì sójà wa wà ní ìlú kan létí ààlà orílẹ̀-èdè mìíràn, tí ẹlẹ́rìí kan rí wọn tí wọ́n tò sílà?" Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Mínísítà dìde, ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ dákun, Aṣòfin wa, ṣé ilé àgbàfọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ètò ààbò báyìí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń lu tábìlì. Èmi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ìtìjú ló mú mi. Ọmọ mi, n kò dárúkọ ilé àgbàfọ̀. N kò sọ ọ́ fún Alága. N kò sọ ọ́ fún akọ̀wé mi. Ibo ni Mínísítà ti gbọ́ ọ?

Láti àná, mo ti ń wo gbogbo ojú tó bá kọjá níwájú mi. Akọ̀wé mi tó ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbé omi wá fún mi láàárọ̀, mo wo ife náà títí omi ọ̀hún fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ènìyàn ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ilé ìgbìmọ̀ ti fún mi ní gbèdéke. Títí di ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀, kí n mú ẹ̀rí wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n dúró níwájú gbogbo wọn kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mínísítà, kí n sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Alága pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìyá, ẹ kàn tọrọ àforíjì, ẹ jẹ́ á máa lọ." Bí mo bá kúrò, kò sẹ́lòmíràn tí yóò bèèrè. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́.

Nítorí náà, lọ bá lọ́yà kan níbẹ̀ pẹ̀lú Àǹtí rẹ. Búra níwájú rẹ̀ pé o rí ogójì sójà, pé wọ́n tò, pé wọ́n kí ọ, pé ọ̀gá wọn bá ọ sọ̀rọ̀. Fún mi ní orúkọ ẹnìkan. Bí kò bá sí orúkọ, fún mi ní ojú kan: ṣé ó ga, ṣé ó ní àpá, ṣé eyín rẹ̀ kan yọ? Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa. Níbi tí mo dé yìí, irọ́ díẹ̀ léwu ju irọ́ púpọ̀ lọ. Irọ́ púpọ̀, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Irọ́ díẹ̀, wọ́n á fi pa òótọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Yára o. Mo ń ka ọjọ́.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni.

Kì í ṣe pósọ́fíìsì ni mo fi èyí rán. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń kó aṣọ funfun rẹ̀ wá fọ̀ lọ́dọ̀ wa ń lọ sílé fún ìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi sí, ó sì ti ṣèlérí pé ọwọ́ yín nìkan ni òun yóò fi lé. Ẹ wò ó: nínú lẹ́tà mi ti oṣù kẹta, mo fi fọ́nrán òwú búlúù mẹ́ta sínú ìwé náà níbi tí mo ti ká a. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí èèrà kan bá ti inú àpò lẹ́tà jáde, ẹ ó bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ ò bi mí léèrè òwú. Ó túmọ̀ sí pé orí itan ẹlòmíràn ni òwú náà bọ́ sí. Bóyá akọ̀wé yín ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ mu omi yín.

Màmá, n kò lè lọ bá lọ́yà. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí ẹnu mi sinmi, kí aṣọ sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ bí Àǹtí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí aṣọ tó ń wọ inú omi rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba àmì. Íńkì dúdú kan wà tí ọṣẹ ò lè ṣí, tí omi gbígbóná ò lè ṣí, ọjọ́ ìdájọ́ nìkan ló kù tí a ò tíì dán wò. Inú ọrùn ẹ̀wù ló ń kọ ọ́ sí, níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ò lè rí, àti inú ìbàdí ṣòkòtò, kí ṣòkòtò lágbájá má baà bá ẹ̀wù tàmẹ̀dò lọ. Aṣọ àwọn sójà yìí ò ní orúkọ, ó bá fún wọn ní nọ́ńbà, ọ̀kan títí dé ogójì. Ẹ sì mọ bó ṣe ń kọ eéje: ó fi ìgbànú dì í láàárín, ó fi ìrù kọ́ ọ nísàlẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé eéje àbúrò yín dà bí ọkùnrin tó jẹun yó. Mo ti fi ègé aṣọ kan tí Àǹtí kọ nọ́ńbà méje sí lójú mi sínú lẹ́tà yìí, kí ẹ fi wé e.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Onígílásì Dúdú tún kó aṣọ náà dé. Ó ní ká yára, pé aṣọ ìrìnàjò ni, pé àwọn tó ni ín ń padà sílé kó tó di òpin ọ̀sẹ̀. Àǹtí tò wọ́n sórí tábìlì, ó ń pè é, mò ń dáhùn. Mẹ́tàdínlógójì ni, Màmá. Nọ́ńbà méje ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ò sí níbẹ̀.

Àǹtí ní, "Mẹ́ta kù." 

Onígílásì ní, "Kò kù. Ohun tí mo kó wá ni gbogbo rẹ̀."

Àǹtí ní, "Bọ̀dá, èmi ni mo fún wọn ní nọ́ńbà. Mẹ́ta kù." 

Ọkùnrin náà yọ gílásì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó nu ún, ó sì wọ̀ ọ́ padà. Ojú ò dun ún, Màmá. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ti sunkún.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Òfin Àǹtí ni pé ohunkóhun tá a bá rí nínú àpò aṣọ, a ó fi sínú ọ̀rá, a ó fi píìnì kọ́ ọ mọ́ aṣọ náà lára, á padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kó o wá, mo rí ìwé kékeré kan nínú àpò nọ́ńbà mọ́kàndínlógún. N kò dá a padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, mo ní n ó dá a padà bí aṣọ náà bá tún dé. Kò dé mọ́. Ìwé ọ̀hún nìyí. Èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ ọmọdé ni, inú ìwé ilé ìwé ni wọ́n ti ya á, orúkọ ilé ìwé náà wà lókè rẹ̀. Ó kà báyìí: "Bàbá mi, ẹ ní bí mo bá mọ ìsọdipúpọ̀ dé méjìlá ẹ ó wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti mọ̀ ọ́n dé mọ́kànlá. Ẹ máa múra bọ̀."

Bí wọ́n bá ti kó àwọn sójà náà dé ọ̀dọ̀ yín, Màmá, ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà yí ọrùn aṣọ wọn padà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ogúnjọ́ ti kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ojú ọjọ́! Ta ló bi wọ́n?

Onígílásì Dúdú wá lánàá, kò kó aṣọ dání. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lu ọwọ́. Ó bi Àǹtí pé, "Ta ló ń kọ lẹ́tà nínú ilé yìí?"

Àǹtí ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lórí áyọ́ọ̀nù. Ó ní, "Gbogbo wa la mọ̀wé. Ìwọ ńkọ́?"

"Ìyáàfin, mo ń bá yín sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni."

"Èmi náà ń bá ọ sọ ọ̀rọ̀ àgbàfọ̀. Ilé yìí, ìdọ̀tí tí ẹ bá kó wá la máa ń rí. A kì í lọ wá a nílé yín. Kó ẹsẹ̀ kúrò lórí aṣọ oníbàárà mi."

Ó lọ. Bó ṣe lọ tán báyìí, mo wo orí tábìlì Àǹtí. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀wù alákọ̀wé báńkì kan, ihò rẹ̀ tóbi ju ojú mi lọ. N kò tíì rí i kó jóṣọ rí láyé mi. Ó kàn ní, "Ìwọ àti ìyá rẹ," ó sì wọlé.

Màmá, pósọ́fíìsì ni mo fi èyí rán, n ò ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka lẹ́tà wa lọ́nà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé kó kọ̀wé.

Ọmọ yín tí ò rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọkọ mi, ọmọ mi, 

Mo kí ọ títí ọrùn fi ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì ń padà sọ́dọ̀ yín lọ́la, òun ni mo fi èyí rán. Sọ fún àbúrò mi pé kó má fi áyọ́ọ̀nù jó ara rẹ̀ nítorí mi, kó sì máa ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó kọjá ni, ó ku ọ̀la kí gbèdéke mi pé. Mínísítà fúnra rẹ̀ ló pe ìgbìmọ̀ wa wá sí bárékè àwọn sójà. Ó fẹ́ dójú tì mí pátápátá. Ó ní, "Ogójì tí Aṣòfin ní wọ́n wà létí ààlà nìwọ̀nyí. Wọn ò kúrò nínú ọgbà yìí láti oṣù mẹ́fà. Ẹ kà wọ́n." Alága kà wọ́n. Ogójì géérégé. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ jẹ́ á máa lọ."

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, bàbá." Mo rìn lọ bá èyí tó dúró ní ìpẹ̀kun, ọmọ kan tó ga, tó ń wo ọ̀kánkán. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ kí n rí ẹ̀yìn ọrùn aṣọ rẹ." Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo Mínísítà. Mínísítà rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí mò ń wá. Mo yí ọrùn aṣọ náà padà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Eéje rẹ̀ di ìgbànú, ó kọ́ ìrù. Ọmọ ìyá mi, láti ilẹ̀ òkèèrè, dúró sínú ọrùn aṣọ sójà tí kò jáde nílé rí.

Mo mú ègé aṣọ tó o fi ránṣẹ́ jáde, mo fi lé Alága lọ́wọ́, mo ṣàlàyé. Mo yí èkejì. Mo yí ẹ̀kẹta. Alága fúnra rẹ̀ ló yí ẹ̀kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́tàdínlógójì ló ní àmì. Mẹ́ta ò ní. Ẹ̀wù tuntun ni àwọn mẹ́ta ọ̀hún wọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a nínú páálí ṣì wà láyà rẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ìgbà wo ló dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ọmọdé ni, kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Àná, mà."

Mo ní, "Mínísítà, níbo ni nọ́ńbà méje wà? Níbo ni mọ́kàndínlógún wà? Níbo ni mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wà?"

Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Alága, ṣé ká máa lọ?"

Alága ní, "Rárá. Ẹ jẹ́ á dúró."

A dúró, ọmọ mi. A ṣì dúró. Wọn ò yọ mí kúrò nínú ìgbìmọ̀. Mínísítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti wá sọ fún gbogbo ilé ẹni tó rán àwọn ọmọ náà, ohun tí wọ́n lọ ṣe, àti ibi tí àwọn mẹ́ta náà wà. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akọ̀wé mi. Ó ní kò burú, pé òun náà ti ń fura sí èmi.

Mo ti rí ọmọ tó kọ ìwé kékeré yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ wà níbi ẹ̀kọ́ṣẹ́, pé kò sí fóònù níbẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ìsọdipúpọ̀ dé méjìlá báyìí. Ó kà á fún mi látòkè délẹ̀. Mo ní ó gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí mi sínú ìwé. Lọ́yà Mínísítà ti ń dúró dè é. Bí a bá kọ ohun kan ṣoṣo síbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni yóò fà yọ, á ní gbogbo rẹ̀ bákan náà ni, á sì fi gbá àwọn mẹ́ta yẹn lọ. Ìwọ tí o kọ̀ láti lọ bá lọ́yà, mo mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ. N kò bínú. Sọ fún mi: èwo lo fi kún un?

Bàtà bọ́ọ̀lù wà nínú àpò Nọ́ọ̀sì. Mo ra èyí tó tóbi díẹ̀. O ti ń dàgbà.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ìdúró. Bàtà náà bá mi mu bí mo bá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó kí n tó kọ èyí, mo sì fara ti nǹkan.

Ẹ ní kí akọ̀wé kọ ọ́ báyìí: ẹlẹ́rìí ò rí sójà kankan. Kò rí ẹyọ kan. Kò gbọ́ ohùn wọn rí. Aṣọ nìkan ló rí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì, Àǹtí ní kí n sá ẹ̀wù wọn kí n tó lọ sílé ìwé. Mo sá wọn ní títò, láti orí ọ̀kan dé ogójì, torí pé ó máa ń rọ̀ mí lọ́rùn láti kó o bẹ́ẹ̀. Àǹtí wọlé. Mo dé korobá ọṣẹ sórí bíi fìlà irin, mo ti igi ìsáṣọ sábẹ́ apá, mo dúró níwájú wọn, mo pariwo, "Àtẹ́ńṣàn!" Atẹ́gùn kan sì ti orí pápá bọ̀, ó wọ inú wọn, gbogbo apá ẹ̀wù dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkí tí wọ́n kí mi nìyẹn. Ilẹ̀ ò mì. Adìyẹ sá lóòótọ́, korobá ló bà wọ́n lẹ́rù.

Ọ̀gá wọn tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ni. Mo ti ka ìwé inú àpò rẹ̀, mo sì rò ó pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń retí tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ odò yẹn, èmi ni mo bi ara mi, èmi náà ni mo dá ara mi lóhùn. Kò sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá odò ni wọ́n gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ó sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí aṣọ dé, èmi náà ni mo sá wọn. Mo tò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi méje, mo fo àyè kan. Mo fo òmíràn níbi mọ́kàndínlógún, mo sì fo òmíràn níbi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Atẹ́gùn tún fẹ́, wọ́n tún gbé apá sókè. N kò dé korobá, n kò pariwo. Mo wọlé lọ bá Àǹtí, mo ní aṣọ ti wà lórí okùn.

Ogójì yẹn, òótọ́ ni, Màmá. Ọ̀gágun ni mo fi kún un.

Ọmọ yín.